Ọ̀rọ̀ Kan, Sílébù Márùn-ún, àti Ojú Bàbá Mi

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìròyìn yìí ní kí n kọ nǹkan tí yóò ṣe àwọn ọmọ wa ní àǹfààní, mo mọ̀ pé ìwàásù ni wọ́n ń retí lọ́dọ̀ àlùfáà. Ìwàásù kò nira fún mi, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ là fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ni ophthalmologist. Fọ́ọ̀mù kejì ni mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ pàdé rẹ̀, mo sì jẹ gbèsè kan lórí rẹ̀ tí n kò tíì san tán títí di òní.

Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ kòkó, ó sì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ìjọ abúlé wa. Ó lè ka Bíbélì Yorùbá láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1973, a ṣàkíyèsí pé ó ń fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn, ó sì ń kọsẹ̀ lára ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀sán gangan. Ó ní òun rí iwájú kedere, ẹ̀gbẹ́ ni òun kò rí mọ́. Kò sí ìrora, ojú rẹ̀ kò sì pọ́n. Wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan ní ìlú tí ó wà nítòsí. Ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kọ ìwé pélébé kan lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó tètè lọ bá ẹni tí òun kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Èrò pọ̀ ní ọjọ́ náà, kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé fún ìsinmi Àjíǹde, Bàbá na ìwé náà sí mi níwájú gbogbo ilé. Ó ní, “Akọ̀wé, kà á fún wa.”

Mo wò ó. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ kọ́ńsónáǹtì tí ó tò tẹ̀ léra wọn bí ọ̀wọ́ èèrà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Owó kòkó ni wọ́n fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi. Ìyá mi ń wò mí, àwọn àbúrò mi ń wò mí, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n sọ pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo rí o àti p ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo sì rántí pé mo ti rí optician lára pátákó ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta jígí ojú. Mo ní, “Bàbá, ẹni tí ń ta jígí ojú ni wọ́n ní kí ẹ lọ bá.”

Wọ́n gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Wọ́n ta ewúrẹ́ méjì, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì mú Bàbá lọ sí ọjà, wọ́n ra jígí ojú fún un. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n jígí náà kò dá òkùnkùn tí ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ dúró.

Ara mi kò balẹ̀. Mo ti da ọ̀rọ̀ náà kọ sí ẹ̀yìn ìwé iṣẹ́ mi. Ní ìparí sáà tí ó tẹ̀ lé e ni mo tó ní ìgboyà láti fi han olùkọ́ tí ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú ẹfun, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà gbàgàdà sí ojú pátákó, wọ́n sì fa ìlà mẹ́rin gba àárín rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí pé, “Ta ni ojú ń dùn ní ilé yín?” Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n sọ fún mi pé kì í ṣe ẹni tí ń ta jígí ni ọ̀rọ̀ náà ń sọ. Dókítà tí ó kọ́ nípa àrùn ojú, tí ó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú, ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ lẹ́tà sí ilé. Nígbà tí wọ́n fi gbé Bàbá dé ilé ìwòsàn ńlá, oṣù mẹ́rin ti kọjá. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ojú ọ̀tún ṣẹ́ kù díẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ láti dáàbò bo èyí tí ó kù. N kò lè búra pé bí mo bá ti ka ìwé náà bí ó ti yẹ, ojú òsì náà ìbá là. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oṣù mẹ́rin wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ti sọnù.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísinsìnyí, àlàyé lórí ìlà mẹ́rin tí olùkọ́ wa fà sí ojú pátákó ni.

Ìlà mẹ́rin lójú pátákó

Ọ̀rọ̀ tí ó gùn dà bí àkàrà ńlá: ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ ẹ́ tán ní ẹ̀ẹ̀kan yóò fún un lọ́rùn, ẹni tí ó bá bù ú díẹ̀díẹ̀ yóò jẹ ẹ́ yó. Bí a ṣe ń bu ọ̀rọ̀ ni kí a pín in sí sílébù. Sílébù ni ègé ọ̀rọ̀ tí a lè fi ohùn gbé jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Yorùbá, iṣẹ́ náà rọrùn, nítorí sílébù wa kì í ju fáwẹ̀lì kan lọ, tàbí kọ́ńsónáǹtì kan pẹ̀lú fáwẹ̀lì kan, tàbí n àti m tí ń dá dúró. Kò sí ibi tí kọ́ńsónáǹtì méjì ti ń tẹ̀ léra wọn nínú sílébù kan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí a yá ọ̀rọ̀ bread lò, a fi fáwẹ̀lì la b àti r láàárín, ó di búrẹ́dì, a sì fi òmíràn ti ìparí rẹ̀ lẹ́yìn. Kì í ṣe àìmọ̀wé ni ó fà á. Òfin èdè wa ni.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní òfin yìí. Ó lè to kọ́ńsónáǹtì jọ bí ó ti wù ú, nítorí náà ni ojú wa fi ń ṣú nígbà tí a bá rí ophthalmologist. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí olùkọ́ wa ti pín in: oph – thal – mol – o – gist. Sílébù márùn-ún péré ni. Nínú búrẹ́dì, sílébù mẹ́ta ni ó wà, kò sì sí ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà.

Ìṣòro tí ó kù ni p-h-t-h tí ó wà ní àárín sílébù kìíní àti èkejì. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin ni ojú rí, ṣùgbọ́n ìró méjì péré ni etí ń gbọ́. P àti h jẹ́ ẹyọ ìró kan, èyí tí a ń pè bí f. T àti h jẹ́ ẹyọ ìró kejì, èyí tí a ń fi ahọ́n kan eyín pè, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú think. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó rò pé ohun àjèjì ni èyí. Àwa náà ń fi lẹ́tà méjì kọ gb, síbẹ̀ ìró kan ṣoṣo ni. Bí àjèjì kan bá rí gbàgbọ́ tí ó sì fẹ́ pe g lọ́tọ̀ kí ó tún pe b lọ́tọ̀, a ó rẹ́rìn-ín músẹ́, a ó sì tọ́ ọ sọ́nà. Irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo ń ṣe yìí.

Nínú èdè Gíríìkì tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lò fún ìró kọ̀ọ̀kan. Phi ni èkínní, théta ni èkejì. Àwọn ará Róòmù ni kò ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ nínú ábídí Látìn, wọ́n sì pinnu láti máa fi lẹ́tà méjì méjì dípò wọn. Báyìí ni lẹ́tà méjì ṣe di mẹ́rin. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní gbàgbé h àkọ́kọ́ nígbà tí ó bá ń kọ ọ̀rọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ sì ni h yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọnù, títí kan àwọn tí ó kàwé púpọ̀. Òfin kan náà wà nínú diphthong àti diphtheria. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè gbà kí a pe sílébù àkọ́kọ́ ophthalmologist bí of tàbí bí op, ṣùgbọ́n ní kíkọ, p àti h gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ papọ̀.

Ibi tí ohùn ti ń tẹ̀

Kí a pín ọ̀rọ̀ sí sílébù kò tíì tó. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, sílébù kan nínú ọ̀rọ̀ máa ń gba agbára ju àwọn yòókù lọ. A ń pè é sókè díẹ̀, a ń fà á gùn díẹ̀, a sì ń mú kí àwọn tí ó yí i ká fúyẹ́. Èyí ni a ń pè ní ìtẹnumọ́ sílébù. Bí a bá tẹ ohùn mọ́ sílébù tí kò tọ́, ẹni tí ń gbọ́ lè má mọ ohun tí a ń sọ. Ọ̀rọ̀ náà record, bí a bá tẹ ohùn mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àkọsílẹ̀ ni. Bí a bá tẹ ohùn mọ́ ìparí rẹ̀, ó di iṣẹ́ kíkọ nǹkan sílẹ̀ tàbí gbígba ohùn sílẹ̀. Ta ni yóò mọ pàtàkì irú nǹkan báyìí ju Yorùbá lọ, àwa tí a ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀?

Ìyàtọ̀ wà ṣá o. Ní èdè tiwa, sílébù kọ̀ọ̀kan ni ó ní ohùn tirẹ̀, òkè, àárín tàbí ìsàlẹ̀, kò sì sí èyí tí ń fi ẹnì kejì ṣe ìránṣẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọba kan ni ó máa ń wà nínú ọ̀rọ̀. Etí àwọn baba wa gbọ́ ọba náà, wọ́n sì fi ohùn òkè dé e ládé. Teacher di tíṣà, soldier di sọ́jà, motor di mọ́tò, computer sì di kọ̀ǹpútà ní ayé àwọn ọmọ wa. Ẹ wò ó dáadáa: sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ ohùn mọ́ ni ó gba ohùn òkè nínú gbogbo wọn, èyí tí ó tẹ̀ lé e sì lọ sí ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ àwọn baba wa ní òfin yìí, etí wọn ni ó kọ́ wọn.

Níbo wá ni ọba jókòó sí nínú ophthalmologist? Orí sílébù kẹta ni: oph-thal-MOL-o-gist. Sílébù kìíní gba agbára díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti ẹ̀kẹta. Òfin rẹ̀ kò ṣòro. Ọ̀rọ̀ tí ó bá parí sí -ology tàbí -ologist, ẹ ka sílébù rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ẹ̀kẹta tí ẹ bá kàn ni kí ẹ tẹ ohùn mọ́. Bi-OL-o-gy, the-OL-o-gy, ge-OL-o-gist, gbogbo wọn ni ó tẹ̀ lé òfin náà. Ṣùgbọ́n bí ìrù ọ̀rọ̀ bá yí padà, ọba á ṣí kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá parí sí -ic, sílébù tí ó ṣáájú ìrù náà ni yóò gba agbára: oph-THAL-mic. Bí ó bá parí sí -logical, ó di oph-thal-mo-LOG-i-cal, gẹ́gẹ́ bí the-OL-o-gy ti ń di the-o-LOG-i-cal. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ òfin méjì yìí lè dìde ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí nínú ìwé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì láìbẹ̀rù.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, Gíríìkì jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tí ó di dandan fún wa. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí a bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú ìwé tí ó mú mi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ophthalmós. Ojú ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ojú tí a fi ń ríran, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó dẹ́rù bà mí ní fọ́ọ̀mù kejì, ọ̀rọ̀ tí ọmọ kékeré ń sọ ní ìta Kọ́ríńtì àti Éfésù ni.

Ó pọ̀ nínú Májẹ̀mú Titun. Òun ni ó wà nínú Mátíù 6:22, níbi tí Olúwa wa ti fi ojú wé fìtílà fún ara. Òun ni ó wà nínú Jòhánù orí kẹsàn-án, níbi tí a ti fi amọ̀ pa ojú ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú. Nínú Kólósè 3:22 àti Éfésù 6:6, Pọ́ọ̀lù so ó pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí iṣẹ́ ẹrú, ó di ophthalmodoulía, iṣẹ́ tí a ń ṣe kìkì nítorí pé ojú ọ̀gá wà lára wa. Àrójúṣe ni Yorùbá ń pè é. Ẹ rí i pé ojú wà nínú ti Gíríìkì, ojú sì wà nínú tiwa.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà, -logist, wá láti ara lógos. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti gbọ́ ìwàásù lórí ìbẹ̀rẹ̀ ìhìnrere Jòhánù. Ọ̀rọ̀ ni lógos, ó sì tún jẹ́ ìrònú àti àlàyé tí ó létòlétò. Nítorí náà, -logy ni ẹ̀kọ́ tí ó létò nípa nǹkan, -logist sì ni ẹni tí ó kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Pa wọ́n pọ̀: ophthalmologist ni ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ojú. Oníṣègùn ojú! Bí ẹni tí ó kọ ìwé fún Bàbá mi bá ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì yìí kún un, Bàbá ìbá kà á fúnra rẹ̀.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu nínú kíláàsì Gíríìkì náà. Ẹ ó ti rí i pé mo fi àmì sórí o tí ó kẹ́yìn nínú ophthalmós. Kì í ṣe èmi ni mo fi í síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ ọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ráhùn pé àmì orí ọ̀rọ̀ Gíríìkì pọ̀ jù, ṣùgbọ́n lójú tèmi ó dà bí ẹni pé mo rí ará ilé mi ní ìlú òkèèrè. Àmì ohùn òkè wa ni! Èkejì rẹ̀, tí ó dà bí àmì ohùn ìsàlẹ̀ wa, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gíríìkì àtijọ́ kò tẹ ohùn mọ́ sílébù bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe lónìí. Ohùn ni wọ́n ń gbé sókè, bí ẹni ń kọrin. Ìtàn sọ pé Aristophanes ará Bisántíọ́mù, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ńlá Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí ọdún 200 ṣáájú ìbí Kristi, ni ó ṣètò àwọn àmì yìí, kí àwọn àjèjì tí ń kọ́ Gíríìkì má baà ṣi ohùn gbé. Lẹ́yìn náà ni ohùn orin náà yí padà díẹ̀díẹ̀ di ìtẹnumọ́, ṣùgbọ́n àwọn àmì náà kò kúrò lórí ìwé.

Báwo ni wọ́n ṣe dé orí ọ̀rọ̀ tiwa? Samuel Ajayi Crowther, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní ọdún 1827, tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ó kọ́ Gíríìkì pẹ̀lú, ó sì mọ ohun tí ohùn lè ṣe sí ìtumọ̀ nínú èdè abínibí rẹ̀. Nígbà tí òun àti àwọn míṣọ́nnárì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀nà láti fi ohùn Yorùbá hàn lójú ìwé, àwọn àmì àtijọ́ yìí ni wọ́n mú lò. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé wàhálà lásán ni àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ẹ sọ fún un pé wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé.

Àwọn ìbátan rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti mọ ophthalmologist ti mọ ìdajì àwọn ìbátan rẹ̀, nítorí ìrù kan náà ni wọ́n ní, orí wọn nìkan ni ó yàtọ̀. Mẹ́rin nínú wọn ni mo mú wá, orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì wà nínú Májẹ̀mú Titun ti èdè Gíríìkì. Kardía ni ọkàn, nítorí náà car-di-OL-o-gist ni dókítà ọkàn. Dérma ni awọ, ó wà nínú Hébérù 11:37 fún awọ ewúrẹ́ tí àwọn ẹni ìgbàgbọ́ fi bora. Der-ma-TOL-o-gist sì ni dókítà awọ ara. Nephrós ni kíndìnrín, ó wà nínú Ìfihàn 2:23, níbi tí a ti sọ pé Olúwa ń wádìí inú ènìyàn. Ne-PHROL-o-gist ni dókítà kíndìnrín. Gynḗ ni obìnrin, gy-nae-COL-o-gist sì ni dókítà àìsàn tí ó jẹ mọ́ ti obìnrin. Nínú gbogbo wọn, sílébù kẹta láti ẹ̀yìn ni ọba.

Àṣìṣe tí mo ṣe ní ọdún náà wá yé mi. Optician kò ti ara ophthalmós wá. Optikós ni baba rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó jẹ mọ́ rírí. Op-TI-cian ni ẹni tí ń ṣe jígí ojú, tí ó sì ń wọn férémù mọ́ ojú ẹni. Ẹnì kan tún wà láàárín, op-TOM-e-trist. Métron ni òṣùwọ̀n, nítorí náà òun ni ó ń wọn bí a ti ń ríran tó. Ó ń yẹ ojú wò, ó ń kọ irú jígí tí a nílò, ó sì lè rí àmì àrùn kí ó sì rán wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ophthalmologist ni dókítà tí ó ń ṣe ìwòsàn àrùn ojú, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó lọ́lá, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ wọn bára mu, lẹ́tà méjì náà ni ó sì tàn mí jẹ.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó kù

Àrùn tí ó mú ojú Bàbá mi ni glaucoma. Ẹ ti lè pín in fúnra yín báyìí: glau-CO-ma, sílébù mẹ́ta, ohùn tẹ èkejì. Glaukós ni gbòǹgbò rẹ̀, àwọ̀ tí ó wà láàárín búlúù àti eérú, bí ojú òkun nígbà tí òjò bá ṣú. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyinjú ni ipá rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, tí yóò sì máa ba iṣan tí ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárín, nítorí náà ni ẹni tí ó ń ṣe kì í fi í mọ̀ ní kùtùkùtù. Ohun tí ó bá ti mú lọ kò ṣe é dá padà, ṣùgbọ́n a lè dá a dúró kí ó má mú èyí tí ó kù. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ju ọ̀pọ̀ ìran mìíràn lọ, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí.

Ó rìn nínú ẹbí tèmi. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí n kò ní ìrora kankan, tí mo sì ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lórí pẹpẹ láìsí ìṣòro, mo lọ bá oníṣègùn ojú nítorí pé mo mọ ìtàn bàbá mi. Ó rí i ní ojú mi méjèèjì. Oògùn tí mo ń kán sí ojú wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí. Ojú mi méjèèjì ṣì ń ríran. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó mú Bàbá lọ sí ọjà kò lọ ṣàyẹ̀wò bí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ tó, títí ó fi pẹ́ jù. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń mú un lọ́wọ́ lọ sí ìsìn nísinsìnyí.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá bí ẹnì kan bá ti fọ́jú nínú ẹbí yín, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò kí ọdún yìí tó parí, bí kò tilẹ̀ dùn yín. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa tí ẹ ti di dókítà àti nọ́ọ̀sì, bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ gígùn fún aláìsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún un ní èdè tí ó gbọ́ kí ó tó dìde lórí àga. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa la ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ máa béèrè gbòǹgbò rẹ̀, ẹ sì máa wá ibi tí ohùn ti ń tẹ̀.

Bàbá mi kò bá mi wí rí. Ó lo ọdún méjìdínlógún sí i pẹ̀lú ojú kan, ó sì ń fi í ka Bíbélì rẹ̀, ní gbígbé e súnmọ́ fèrèsé. Nígbà tí mo ní ìgboyà láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Nígbà mìíràn tí o kò bá mọ̀, sọ pé o kò mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ kan ni.”

Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà, nínú kíláàsì, lórí pẹpẹ, àti níwájú dókítà. Kí Olúwa fi ìmọ́lẹ̀ sí ojú gbogbo wa, kí ó sì bùkún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àmín.